Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olórí ilé ìwádìí ìlera: ẹ tú ẹnu àwọn olùwádìí yín sílẹ̀ lórí sóṣíà mídíà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin olórí ilé ìwádìí ìlera, àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń buwọ́ lu iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín, nítorí náà a ó wọ inú ọ̀rọ̀ lọ tààrà.

Òfin kan ti ń ràn láàárín yín bí iná inú ọyẹ́: olùwádìí kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ̀ lórí sóṣíà mídíà, ọ́fíìsì ìròyìn nìkan ló ni ẹnu. Ọ́fíìsì ìròyìn á gbé àtẹ̀jáde síta, á sì ti ibi tí èèyàn ti lè fèsì pa. Ẹ ní ariwo ti pọ̀ jù, ẹ ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi ọ̀rọ̀ sọ lórúkọ yín. Ìdí yẹn yé wa. Àmọ́ ohun tí òfin náà ń ṣe ni pé ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó ń fi lé ẹni tí kò sí níbi iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ti ń na apá fún abẹ́rẹ́ ìwádìí yín láti ọdún mẹ́ta wá á kàn ṣí fóònù rẹ̀, á rí fọ́tò ọ̀gá méjì tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́, àti líǹkì sí jọ́nà, ìwé tí wọ́n ti ń tẹ ìwádìí jáde, tó ń gba owó kó tó jẹ́ kéèyàn kà á.

Ohun kan ṣoṣo là ń bẹ̀ yín fún. Ẹ ka ohun tí ẹ ń gbé sórí ìkànnì kún ara ìwádìí fúnra rẹ̀. Kó ní ètò tí a kọ sílẹ̀, kó ní owó tirẹ̀, kó ní ẹni tí a lè bi léèrè, kó sì gba àyẹ̀wò bí gbígba ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba àyẹ̀wò. Àwọn ẹ̀sùn wa nìyí.

1. Ọ̀dọ̀ yín ni àbùmọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Àwọn oníròyìn àti àwọn tó ń pín ọ̀rọ̀ kiri lẹ máa ń dá lẹ́bi. Ní 2014, jọ́nà BMJ gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí ìkéde 462 tí yunifásítì 20 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ránṣẹ́ sáwọn oníròyìn nípa ìwádìí ìlera. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìkéde yẹn ló gba aráàlú nímọ̀ràn tó kọjá ohun tí ìwádìí sọ. Ìdá 33 ní nǹkan kan ló fa èkejì, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìwádìí rí ò ju pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn pọ̀. Nínú àwọn tó dá lórí ẹranko, ìdá 36 ló sọ ọ̀rọ̀ ẹranko di ọ̀rọ̀ èèyàn. Ibi tí ìmọ̀ràn inú ìkéde bá ti ní àbùmọ́, ìdá 58 ìròyìn tó tẹ̀ lé e ló ní irú àbùmọ́ kan náà. Ibi tí kò bá ti sí nínú ìkéde, ìdá 17 péré ni.

Ẹ̀yin lẹ ń da epo síná, kì í ṣe òǹkàwé.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ẹ jẹ́ kí olùwádìí àgbà buwọ́ lu ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú àtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan kó tó jáde. “Ó ń fa” àti “ó ń dènà” kò gbọdọ̀ jáde àyàfi tó bá jẹ́ pé kèké ni ẹ fi pín àwọn olùkópa sí ìsọ̀rí. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ayé wọn ni, “a rí i pọ̀ sí i lára àwọn tó” ni kẹ́ ẹ kọ. Tó bá sì jẹ́ èkúté ni, kí ọ̀rọ̀ náà “nínú èkúté” wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, kì í ṣe nínú líǹkì. Ní 2019, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ James Heathers ṣí ojú ewé kan lórí Twitter tí kò ní iṣẹ́ méjì: ó ń gbé ìròyìn ìwádìí wá, ó sì ń fi “nínú èkúté” kún un. Ojú ewé náà gbajúmọ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò bá tí ríṣẹ́ ṣe.

2. “Ìlọ́po méjì” mélòó?

Ní oṣù kẹwàá 1995, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ààbò oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé àwọn oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan tó dé kẹ́yìn ń sọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìlọ́po méjì yẹn ò ju kí ó kúrò lórí obìnrin 1 nínú 7,000 lọ sórí 2 nínú 7,000. Ọ̀pọ̀ obìnrin da oògùn nù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní England àti Wales lọ́dún tó tẹ̀ lé e fi nǹkan bí 13,000 lé sí i, bẹ́ẹ̀ oyún níní gan-an máa ń mú ewu ẹ̀jẹ̀ dídì wá ju oògùn náà lọ. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ kó tó di pé Facebook wà.

Ẹ wo ọ̀nà méjì tí èèyàn lè gbà kọ ọ́ sórí ìkànnì lónìí:

“Ìkìlọ̀! Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tuntun ń fi 100% kún ewu ẹ̀jẹ̀ dídì.”

“Nínú obìnrin 7,000 tó ń lo oògùn àtijọ́, ẹ̀jẹ̀ dì sí 1 lára. Nínú 7,000 tó ń lo tuntun, ó jẹ́ 2. Ẹ má dédé dá oògùn dúró. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ná.”

Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí. Èkejì kò kún àmì 280 tí X (Twitter àtijọ́) ń gbà, nítorí náà ẹ má sọ fún wa pé àyè ò sí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò ni pé kí iye èèyàn tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní ìhà méjèèjì. “1 nínú 400” àti “1 nínú 250” máa ń dà rú mọ́ èèyàn lójú, torí 400 ló tóbi jù tí ojú bá kọ́kọ́ bà lé e. Ẹ sọ iye àkókò pẹ̀lú: lọ́dún kan ni, àbí láàárín ọdún mẹ́wàá? Kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tí ẹ fi wé. Ẹni tó mu oògùn mìíràn yàtọ̀ sí ẹni tí kò mu nǹkan kan.

3. Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ nìkan ló ń rìnrìn àjò

Ọ́fíìsì ìròyìn yín fẹ́ràn kí wọ́n máa to àtẹ̀jáde mẹ́jọ tẹ̀ lé ara wọn. Ìyìn á wà nínú ti àkọ́kọ́, “iṣẹ́ yìí ní àléébù tirẹ̀” á wà nínú ìkeje. Ẹni tó bá fẹ́ pín in, àkọ́kọ́ ló ń pín. Ẹni tó bá yà á ní skrínṣọ́ọ̀tì, àkọ́kọ́ ló ń yà. Ìkeje á jókòó sílé.

Nítorí náà, ohun tó bá lè yí ìtumọ̀ ìwádìí padà gbọ́dọ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́: lára ta ni ẹ ti ṣe é, àwọn mélòó, kí lẹ rí ní iye gidi, àti pé ṣé àwọn akẹgbẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò tàbí wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn yòókù lè wà nínú ìkejì: ẹni tó sanwó iṣẹ́, nọ́ńbà tí ẹ fi forúkọ ìwádìí sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, àti líǹkì tí kò gbowó.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí akẹgbẹ́ ò tíì yẹ̀ wò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2020, iṣẹ́ kan jáde lórí bioRxiv, ìkànnì tí wọ́n ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí, tó ní àwọn ègé kan nínú kòkòrò Kòrónà tuntun jọ ti HIV lọ́nà tó ń mú ìfura wá. Àwọn onímọ̀ já a sí wẹ́wẹ́ lórí Twitter kíákíá, àwọn tó kọ ọ́ sì fà á padà ní ọjọ́ 2 oṣù kejì. Ìkànnì náà ló tàn án kálẹ̀, ìkànnì náà ló sì tún un ṣe, torí pé àwọn tó mọṣẹ́ lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Tí òfin yín bá ti wà níbi gbogbo nígbà náà, títàn nìkan la bá rí.

4. Àwòrán tí kò ṣe é kà

Ní 2016, oníṣẹ́ abẹ kan, Andrew Ibrahim, bá jọ́nà Annals of Surgery bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán kan ṣoṣo sọ kókó ìwádìí. Nígbà tí wọ́n dán an wò lórí ìwádìí 44, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, pínpín lọ sókè ní ìlọ́po 8.4 ju ìgbà tí wọ́n gbé àkọlé nìkan síta lọ. Ṣíṣí ìwé náà fúnra rẹ̀ lọ sókè ní ìlọ́po 2.7. Gbogbo yín lẹ di nọ́ńbà àkọ́kọ́ mú. Èkejì ló kàn wá: pípín ń sáré ju kíkà lọ fíìfíì, tó túmọ̀ sí pé ó jọ pé ọ̀pọ̀ tó ń pín àwòrán kì í ṣí ìwé. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ lè dá dúró láìsí ìwé lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Apá mẹ́ta ti tó: àwọn tí ẹ wò àti iye wọn, ohun tí ẹ ṣe fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ohun tó jáde. Ẹ kọ DOI (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé ìwádìí mọ̀), ọjọ́, àti ipò iṣẹ́ náà sára àwòrán gan-an, nísàlẹ̀, nítorí líǹkì máa ń já nígbà tí wọ́n bá gbé àwòrán láti ìkànnì kan bọ́ sí òmíràn. Kí àwọ̀ lẹ́tà àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ara wọn sílẹ̀ tó 4.5 sí 1, bí WCAG, ìlànà tó ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè lo ìkànnì, ṣe sọ. Lẹ́tà eérú lórí ojú funfun tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn kì í sábà yege. Lẹ́yìn náà, ẹ fi WhatsApp fi ránṣẹ́ sí fóònù kan, nítorí WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀, kẹ́ ẹ na ọwọ́ tán, kẹ́ ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó kéré jù ṣì ṣe é kà. Tí kò bá ṣe é kà, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù, ẹ yọ díẹ̀.

Àwọn tí kò ríran dáadáa ń fi ẹ̀rọ gbọ́ àlàyé tí ẹ kọ mọ́ àwòrán. Ẹ yéé kọ “àwòrán ìwádìí wa” síbẹ̀. Àbájáde ni kẹ́ ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ sábẹ́ fídíò náà ńkọ́? Kí èèyàn kà á kó tó jáde. Ẹ̀rọ máa ń gbé “kò” mì, ó sì máa ń gbọ́ máíkírógíráàmù bíi mílígíráàmù. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ ìlọ́po 1,000.

5. Wíwá olùkópa: ẹ ń tú àṣírí, ẹ sì ń kó ayédèrú jọ

Ìgbìmọ̀ yín máa ń buwọ́ lu ọ̀rọ̀ inú ìpolówó, ó tán. Wọn kì í béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wà.

Àkọ́kọ́ ni àmì atọpinpin tí àwọn oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ń fi sínú ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n lè mọ ìpolówó tó ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹfà 2022, àwọn oníròyìn The Markup rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ti Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, lórí ojú ewé ilé ìwòsàn 33 nínú 100 tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí Facebook nígbà tí èèyàn bá ń ṣètò àtirí dókítà. Ẹni tó bá tẹ “mo fẹ́ kópa” lábẹ́ ìwádìí àrùn ọpọlọ ti jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ilé iṣẹ́ tí kò bá ṣàdéhùn. Kí ojú ewé tí ẹ ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ìlera má ní atọpinpin ẹnikẹ́ni. Ẹ lò líǹkì ọ̀tọ̀ fún ìpolówó kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì ka iye tó gba ibẹ̀ wọlé fúnra yín. Ìyẹn tó fún ohun tí ẹ ń wá.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tó ń wà lábẹ́ àtẹ̀jáde. Ẹ bá kọ “À ń wá àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni ọdún 40 sí 65, fún ìwádìí ọ̀sẹ̀ 12,” ẹnìkan á fèsì pé “Èmi nìyí, mo ti ní in láti ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ mi ti ń kú,” orúkọ rẹ̀ àti fọ́tò ọmọ rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èsì náà pamọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fèsì nípa àìsàn rẹ̀ ní gbangba, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ìgbìmọ̀ ti buwọ́ lù ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀: ẹ dúpẹ́, ẹ fún un ní nọ́ńbà tàbí ojú ewé tó ní ààbò. Ẹ má gba ìtàn àìsàn rẹ̀ nínú àpótí ìkànnì náà. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni àpótí yẹn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí èèyàn, àti àwọn tó ń fi orúkọ mẹ́wàá kún fọ́ọ̀mù kan. Ẹ kọ iye owó ìmoore gàdàgbà sórí àtẹ̀jáde, ẹ tún fi líǹkì fọ́ọ̀mù síbẹ̀ fún gbogbo ayé, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó bá ìdáhùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún, inú yín á dùn. Ẹ lọ wo àkókò tí wọ́n wọlé. Tí wọ́n bá tò tẹ̀ lé ara wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, tí fọ́ọ̀mù tó ń gba èèyàn ní ìṣẹ́jú 12 tán ní ìṣẹ́jú 2, tí àdírẹ́sì ímeèlì jẹ́ orúkọ méjì àti nọ́ńbà mẹ́rin ní gbogbo rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sì jọra, ẹ ti gba àlejò. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí líǹkì gbangba má gbé èèyàn dé ìwé ìbéèrè. Ibi ìbéèrè kúkúrú márùn-ún ni kó gbé e dé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi líǹkì tirẹ̀ nìkan ránṣẹ́ sí ẹni tó bá yege, tí kò ní ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ béèrè ọjọ́ orí níbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ọdún ìbí níparí. Ẹ fi àpótí ìbéèrè kan síbẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí. Bọ́ọ̀tì ló máa ń kún un. Owó kò gbọdọ̀ jáde kí èèyàn tó yẹ ìdáhùn wò, kẹ́ ẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìyọ̀ǹda. Ìkìlọ̀ kan: ẹ má yọ ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti ẹlòmíràn mu. Tọkọtaya lè wà nínú ilé kan, akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún lè wà lórí wáífáì kan.

6. Àwọn olùkópa ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn

Wọ́n ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni, nínú àwọn ẹgbẹ́ Facebook àti WhatsApp. “Tèmi korò, tìrẹ ńkọ́?” “Ìtọ̀ mi pọ́n látàná.” Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti mọ ẹni tó ń mu oògùn gidi àti ẹni tó ń mu oògùn asán tí ẹ fi ń ṣe òdiwọ̀n, tàbí wọ́n rò pé àwọn mọ̀. Ẹni tó bá rò pé asán ni tirẹ̀ á kúrò. Àwọn tó ṣẹ́ kù ní ìhà méjèèjì ò ní jọra mọ́, ìwádìí á sì bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni hùwà burúkú.

Ẹ má kà á léèwọ̀. Èèwọ̀ á kàn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí ẹ ò ti ní gbọ́ ọ ni. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń buwọ́ lùwé: ìdí tí àwọn àti dókítà ò fi gbọdọ̀ mọ èyí tí wọ́n ń mu, irú ọ̀rọ̀ tó lè ba á jẹ́, àti nọ́ńbà tí wọ́n á pè tára bá yí padà. Tí ẹni tó ń bójú tó ìkànnì yín bá rí i tí olùkópa kọ̀wé pé nǹkan kan ń ṣe òun, kó ní ẹni tó máa gbé e lé lọ́wọ́ láàárín wákàtí 24. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n tẹ àmì ọkàn sí i.

Olùwádìí kò sì gbọdọ̀ yọ́ wọnú ẹgbẹ́ aláìsàn láìsọ ẹni tó jẹ́. Ní 2014, nígbà tí ayé gbọ́ pé wọ́n ti yí ohun tí àwọn èèyàn 689,003 ń rí lórí Facebook padà láti mọ bí yóò ṣe kan ìmọ̀lára wọn, ariwo ta, jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́ jáde sì ní láti kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda náà kan òun lóminú. Ẹni tó kọ̀wé ní gbangba kò tíì ní kẹ́ ẹ fi òun ṣèwádìí. Tí ẹ bá fa ọ̀rọ̀ aláìsàn yọ bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹni tó bá tẹ gbólóhùn náà sí Google lè kan ilé rẹ̀. Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà mìíràn, kẹ́ ẹ wá a fúnra yín lórí Google kó tó jáde.

7. Ẹ ṣí ibi ìfèsì padà

Ohun tó dùn wá jù nìyí, torí ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń pàdánù.

Àìsàn kan wà tí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn ń ya lójijì, SCAD ni wọ́n ń pè é. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọlù. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé ilé ìwòsàn kan kì í rí iye tó tó ṣèwádìí. Àwọn obìnrin tó ní in rí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ka ara wọn, wọ́n sì lọ bá dókítà Sharonne Hayes ní Mayo Clinic pé kó ṣèwádìí àwọn. Ní 2011, iṣẹ́ ìdánwò àkọ́kọ́ jáde lórí 12 nínú wọn. Iṣẹ́ ńlá ló ti hù láti ibẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún 2020, Elisa Perego, tí àrùn Kòrónà kò fi sílẹ̀ bọ̀rọ̀, fi háṣítáàgì #LongCovid sórí Twitter. Aláìsàn ló sọ àìsàn náà lórúkọ, lórí sóṣíà mídíà, kí jọ́nà tó mọ ohun tí wọn yóò pè é. Ní 2014, omi tútù tí àwọn èèyàn ń dà sórí ara wọn nínú fídíò kó 115 mílíọ̀nù dọ́là wá fún ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ALS, àrùn tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, ní Amẹ́ríkà, ara owó yẹn sì wà nínú iṣẹ́ tó fi han ipa jíìnì NEK1 nínú àrùn náà ní 2016. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀jáde tí wọ́n ti ìfèsì rẹ̀ pa.

Ẹ̀rù tó ń bà yín náà ní àtúnṣe. Ẹ kọ àkókò tí ẹ ó máa fèsì síta, bí àpẹẹrẹ wákàtí méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí ìwádìí bá jáde. Kí olùwádìí ti kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́wàá tó ṣeé ṣe kó wá sílẹ̀: Ṣé mo lè rí i lò? Nígbà wo? Ta ló sanwó? Kí ló dé tí kò sí àwọn aláboyún níbẹ̀? Ẹni tó bá béèrè nípa ara tirẹ̀, gbólóhùn kan ni fún un: “A ò lè sọ tìrẹ láti ibí, gbé ojú ewé yìí lọ bá dókítà rẹ.” Ẹni tó bá bú yín, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn tó lè pa wọ́n, ẹ fi ìyẹn pamọ́, kẹ́ ẹ sì kọ òótọ́ síbẹ̀. Kí òótọ́ ló ṣáájú nínú gbólóhùn yín, torí ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ló ń dúró lọ́kàn. “Irọ́ ni pé ewé báyìí ń pa kòkòrò” lè jẹ́ kí èèyàn rántí ewé náà àti kòkòrò.

8. Bí ẹ ṣe ń ṣàtúnṣe

Ẹ ń pa àtẹ̀jáde rẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Skrínṣọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì ń rìn kiri.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ ń lọ láti ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òwe yẹn kò tíì rí Twitter. Ní 2018, jọ́nà Science gbé ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí ìtàn 126,000 tó rìn lórí Twitter láàárín 2006 sí 2017: òótọ́ gba àkókò tó tó ìlọ́po mẹ́fà ti irọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn 1,500. Ìwé tí dókítà Andrew Wakefield fi so MMR, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, mọ́ àìsàn autism, lórí ọmọ 12 péré, jáde nínú jọ́nà Lancet ní 1998. Ọdún 2010 ni wọ́n tó fà á padà. Jọ́nà kan náà yára ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 2020: iṣẹ́ lórí oògùn hydroxychloroquine fún Kòrónà, tó gbára lé dátà ilé iṣẹ́ Surgisphere, jáde ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, wọ́n fà á padà ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà. Ọjọ́ 13 péré. Láàárín rẹ̀, àjọ WHO ti dá apá ìwádìí tiwọn tó kan oògùn náà dúró, wọ́n sì ti tún bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà: ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fèsì sábẹ́ àtẹ̀jáde àtijọ́ pé ó ní àṣìṣe, ohun tó jẹ́, àti ohun tó tọ́. Ẹ gbé àwòrán àtijọ́ síta padà pẹ̀lú “A TI ṢÀTÚNṢE” àti ọjọ́ gàdàgbà lórí rẹ̀, kó lè bá ti àkọ́kọ́ rìn. Gbogbo ìkànnì àti gbogbo èdè tí ẹ fi gbé àṣìṣe jáde ni kẹ́ ẹ fi gbé àtúnṣe jáde. Ẹ wo ojú ewé tó ní ọmọlẹ́yìn jù nínú àwọn tó pín in, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àtúnṣe náà wà lókè ojú ewé yín fún ọgbọ̀n ọjọ́.

9. Ẹ yéé ka “láìkì”

Iye tí Altmetric, ilé iṣẹ́ tó ń ka bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń kó jọ ń sọ iye ẹnu tó dárúkọ iṣẹ́, kò sọ bóyá wọ́n ń yìn ín tàbí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ka iye ìbéèrè tó wọlé àti iye tí ẹ dáhùn, iye tó ka àlàyé tí ẹ kọ lédè tí gbogbo èèyàn gbọ́, àti nínú àwọn tó wá láti orí ìkànnì, iye tó yẹ fún ìwádìí tó sì dúró dópin.

10. Ààbò àwọn tó ń sọ̀rọ̀

A ò sọ pé kẹ́ ẹ ti olùwádìí síta ní òun nìkan. Nígbà tí jọ́nà Nature béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ 321 tó ti bá oníròyìn sọ̀rọ̀ nípa Kòrónà, ní 2021, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ní wọ́n ti fi ikú halẹ̀ mọ́ àwọn. Kẹ́ ẹ tó ní kẹ́nikẹ́ni fèsì, kí nọ́ńbà kan wà tó lè pè lóru, kí agbẹjọ́rò wà, kí ẹlòmíràn lè gba ojú ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé ó ń tọrọ. Kẹ́ ẹ sì kà á sí wákàtí iṣẹ́. Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí a ń béèrè

Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ fagi lé òfin tó dí àwọn olùwádìí lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì fi ìlànà tó sọ ohun tí wọ́n lè sọ àti ẹni tí wọ́n á pè rọ́pò rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo atọpinpin kúrò lójú ewé ìforúkọsílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ìyẹn ò nílò ìpàdé.

Láàárín oṣù mẹ́ta, kí ìgbìmọ̀ yín má buwọ́ lu ìwádìí kankan tí kò ní ojú ewé méjì nípa sóṣíà mídíà: bí wọ́n ṣe máa wá olùkópa, ohun tí wọ́n máa ṣe sí èsì àti àṣírí, bí wọ́n ṣe máa dá bọ́ọ̀tì mọ̀, ẹni tó máa fèsì, àti owó rẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí àwọn olùkópa kọ́kọ́ gbọ́ àbájáde, ó kéré tán ní wákàtí 24 ṣáájú àtẹ̀jáde, yálà oògùn náà ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jáde lórí ìkànnì kan náà, pẹ̀lú àwòrán tó dára tó tàwọn yòókù.

Ẹ fún wa lésì ní gbangba, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ibi ìfèsì rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Àwa tí a ń bá yín ṣe iṣẹ́ náà, àti àwa tí ẹ ń ṣe é lára wa.